Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Fẹ́ Fi Iṣẹ́ Mi Pamọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe tí ẹ bá rí níbí. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni mo máa ń tẹ̀. Kíkọ tèmi kò mọ́ mi lọ́wọ́. Ọdún kejì nílé ìwé girama ni mo kàwé dé. Tí mo bá sì wà láàárín èèyàn, ohùn mi kì í fẹ́ jáde. Bóyá ìdí nìyẹn tí jíjókòó sídìí kọ̀ǹpútà fi bá mi lára mu. Kọ̀ǹpútà kì í ní kí èèyàn sọ̀rọ̀ sókè.

Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Mọ̀mí ni mo ti ṣiṣẹ́, ní Arakale, ní Àkúrẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni: kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, bẹ́ǹṣì fún àwọn oníbàárà, àti fáànù kan tó ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ohun gbogbo wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Àwòrán kẹta lókè ni mo fi ń tẹ ìwé jáde. Èyí tó wà ní igun ìsàlẹ̀ ni mo fi ń pa á. Mo mọ̀ wọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ìdáná tó ṣókùnkùn.

Ohun kan wà tí kọ̀ǹpútà yẹn kò lè ṣe, tàbí kí n sọ pé èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Bíró ni mo fi ń fi í. Tí ìwé bá ti jáde, màá mú bíró dúdú, màá máa fi àmì sórí, màá máa fi dọ́ọ̀tì sábẹ́. Ìyá àgbà mi ní ìlú Oǹdó, ìyá tó bí bàbá mi, ló kọ́ mi. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí ìjọ wọn dá sílẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n kà, Bíbélì Yorùbá ló sì fi mọ̀ ọ́n. Tí mo bá wálé lópin ọ̀sẹ̀ tí mo mú ìwé tí a tẹ̀ dání, á gbé e jìnnà sójú, á ní, "Ìhòòhò ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Lọ wọṣọ fún un."

Lẹ́yìn ìsìn, àwa méjèèjì á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òun á máa kà, èmi á máa fi bíró wọṣọ fún ọ̀rọ̀. Tí mo bá fo ibì kan, á fi èékánná tọ́ka sí i.

"Èwo lo kọ síbí? Ọkọ tó fẹ́ mi ni, àbí ọkọ́ tí mo fi ń roko?"

"Èyí tó fẹ́ yín ni, Mà."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọkọ́ ló ṣiṣẹ́ jù nínú àwọn méjèèjì."

Òun náà ló sọ fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ wọn pé kí wọ́n gbé ìwé àdúrà wọn wá sí Àkúrẹ́, kí ọmọ ọmọ òun bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ó ku ọ̀la kí wọ́n wá gbà á ni kọ̀ǹpútà kò tàn mọ́. Ó kàn ń fi ojú dúdú wò wá.

"Uṣẹ́ rèé!" Mọ̀mí ká ọwọ́ lérí. Ọmọ Àkúrẹ́ ni. Tí inú bá bí i, iṣẹ́ á di uṣẹ́. "Uṣẹ́ ti bàjẹ́!"

Bọ̀dá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò ló wá wò ó. Ó ní ètò tó wà nínú rẹ̀ ti wúwo ju agbára rẹ̀ lọ, pé òun á fi òmíràn tó fúyẹ́ sí i. Ó ní Linux ni orúkọ rẹ̀.

"Línọ́ọ̀sì?" ni Mọ̀mí wí. "Ṣé oògùn ikọ́ ni?"

"Kọ̀ǹpútà yín náà ló ń wúkọ́, Mà."

Mọ̀mí kò rẹ́rìn-ín. Èmi ló yíjú sí. "Ṣé o gbọ́? Ọ̀la ni àwọn ìyá yẹn ń bọ̀. Tí iṣẹ́ wọn ò bá sí nílẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ka kọ̀ǹpútà jáde wà nílé lásán. Á wá jókòó síbí, ìwọ á padà lọ bá ìyá àgbà rẹ ní Oǹdó."

Nígbà tí Bọ̀dá ṣe tán, mo jókòó. Ojú kọ̀ǹpútà mọ́, ó rẹwà, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn àwòrán tò sí ẹ̀gbẹ́ òsì bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Mo wá àwòrán kẹta mi, kò sí lókè. Wọ́n ti tún ilé ìdáná tò, wọn ò sì sọ fún mi ibi tí wọ́n gbé iyọ̀ sí.

Bọ̀dá rí i pé ọwọ́ mi kò kúrò lójú kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí mi. "Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ nǹkan kan fún Mọ̀mí. Ó tẹ ìwọ̀nba nǹkan, ó pa á, ó tún un tàn, Yorùbá sì wà lójú kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ṣì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ló fi bọ́tìnì kan hàn mí, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí n sì tẹ lẹ́tà kan pẹ̀lú rẹ̀.

Lẹ́tà ẹ yọ, ti òun ti dọ́ọ̀tì rẹ̀ lábẹ́.

Mo wo ọwọ́ mi. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi kún ìlà kan: ẹẹẹẹẹẹẹẹ.

"Ewúrẹ́ ti wọ ṣọ́ọ̀bù o," ni Bọ̀dá wí, ó sì gbé àpò rẹ̀ lọ.

Mi ò dìde lọ́jọ́ náà àfi ìgbà tí mo lọ jẹun. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ìwé àdúrà ti pé, gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ti wọṣọ. Mo fẹ́ pa ojú ìwé dé kí n tó pe Mọ̀mí. Kọ̀ǹpútà bi mí léèrè pé ṣé kí òun fi í pamọ́.

Nínú ti àtijọ́, bọ́tìnì àkọ́kọ́ ni mo kàn máa ń tẹ̀. Mi ò mọ ohun tí wọ́n kọ sí i. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ka ohun tí kọ̀ǹpútà bi mí. Mo rò ó. Kó fi í pamọ́ fún ta ni? Nílé wa, ẹran tí a kò fẹ́ kí àlejò rí la máa ń fi pamọ́. Mọ̀mí gbọ́dọ̀ rí iṣẹ́ yìí. Mo ní kó má fi í pamọ́.

Mọ̀mí dé, ó wá a, kò rí i. "Níbo ló wà?"

"Ó ní ṣé kí òun fi í pamọ́, Mà. Mo ní rárá. Kí ẹ lè rí i."

Mọ̀mí pàtẹ́wọ́. "Ìwọ ọmọ Oǹdó yìí. O ṣiṣẹ́ látàárọ̀, ó ní kí òun bá ọ tọ́jú ẹ̀, o ní kó dà á nù." Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. "Ọ̀la ni mo sọ. Mi ò yí i padà."

Mo pe Ìyá àgbà lórí fóònù, mo sì ń sunkún. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

"Tí mo bá ní kí o fi ẹran mi pamọ́, ṣé ajá lo máa ń gbé e fún?"

"Rárá, Mà."

"Tí mo bá béèrè rẹ̀ ńkọ́?"

"Màá gbé e wá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ohun tí kọ̀ǹpútà yín wí nìyẹn. Ìwọ lo fi ojú olè wò ó."

Ìyá àgbà ti lọ báyìí. Ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ti di ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù. Mo kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo kàn ń retí kí fáànù yẹn dún. Ìlú Oǹdó ni mo wà, mo ní kọ̀ǹpútà tèmi, Linux yẹn náà ló sì wà nínú rẹ̀. Tí mo bá fi iṣẹ́ pamọ́, ohùn Ìyá àgbà ni mo máa ń gbọ́: ajá lo máa ń gbé e fún? Mo máa ń rẹ́rìn-ín, oníbàárà á sì rò pé òun ni mò ń fi rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí iṣẹ́ yẹn sọnù, mo ti dé ṣọ́ọ̀bù kí àwọn ará ìsọ̀ tó máa gbálẹ̀. Mo tan jẹnẹrétọ̀. Mo tún àdúrà náà tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí mo bá sì parí àdúrà kan, màá fi í pamọ́, màá pa á dé, màá tún un ṣí láti wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni mo ń tẹ̀ nígbà tí Mọ̀mí yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Mà."

Ó dúró lẹ́yìn mi, ó kà á díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi báàgì rẹ̀ kọ́ sí ibi tó máa ń kọ́ ọ sí, ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníbàárà. "Máa tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n máa tó dé."

Ojú ìwé àkọ́kọ́ jáde, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo mú bíró mi, mo ṣí i, mo tẹrí ba, mo bẹ̀rẹ̀ sí wá ibi tí màá fi àmì sí. Mo wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo rọra dé bíró náà, mo sì dá a padà sínú dúrọ́ọ̀.