Màrìwò Lẹ́nu Odò

Ìwọ náà mọ òórùn ẹja yíyan létí omi wa ní Ìlàjẹ. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òórùn epo rọ̀bì bò ó mọ́lẹ̀. Páìpù iléeṣẹ́ elépo kan bẹ́ ní tòsí ìlú wa, kò jìnnà sí Zion Pepe, epo sì bo odò kékeré tí ẹja ti ń yé. Odò yẹn làwọn àgbà máa ń tì: wọ́n á so màrìwò mọ́ òpó lẹ́nu rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní dẹ àwọ̀n níbẹ̀ títí ẹja á fi dàgbà. Àwa ọ̀dọ́ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń dùn mí báyìí.

Olórí àwọn apẹja so màrìwò tuntun, ó ní ọkọ̀ iléeṣẹ́ náà kò ní gba ibẹ̀ mọ́ àfi tí wọ́n bá kó epo wọn. Mo ní ká kúkú dáná sun ọkọ̀ wọn.

Bàbá olórí apẹja wò mí. “Ṣé iná ló máa wá fọ omi?”

Nígbà tí àwọn ará iléeṣẹ́ náà dé, ọ̀gá inú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ewé ọ̀pẹ lẹ fẹ́ fi dá wa dúró? Òfin Nàìjíríà ti gbé epo fún ìjọba, ìjọba ló sì rán wa.”

Lọ́yà kan, ọmọbìnrin ìlú wa, dá a lóhùn látorí afárá pákó. “Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ìwé òfin kan náà ló ní kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀ àti igbó.”

“Ẹ wá fi ìyẹn gbé wa lọ sí kóòtù.”

Lọ́yà náà kò purọ́ fún wa. Ó ní apá ibẹ̀ nínú ìwé náà nìkan kò ṣeé fi pẹjọ́ ní kóòtù, àmọ́ orí rẹ̀ làwọn òfin tó de iléeṣẹ́ elépo dúró lé.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. “Màrìwò nìyẹn náà, ọmọ mi. Màrìwò ò lọ́wọ́ tó lè fi di èèyàn mú. Àwa tá a bọ̀wọ̀ fún un la jẹ́ ọwọ́ fún un.”

Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sábẹ́ òpó, ó jókòó. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja náà wa ọkọ̀ tiwọn tẹ̀ lé e. Èmi náà lọ, mi ò mú ìṣáná dání. Ọkọ̀ ńlá iléeṣẹ́ náà dúró títí, kò rí àyè kọjá láàárín wa, ó sì yí padà. Lọ́yà wa gbé àwọn òfin yẹn lọ bá ìjọba, ó lọ, ó bọ̀, kò jẹ́ kí wọ́n sinmi, títí iléeṣẹ́ náà fi wá kó epo wọn.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló tán. Àmọ́ ẹja ti ń padà wá. Bí mo bá rí màrìwò lórí òpó yẹn, mo máa ń yí ọkọ̀ mi gba ọ̀nà tó jìn. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ mi, orí mi a sì máa wú.