Ẹni Tó Ń Kọ́ Mi Ní Ọ̀rọ̀ Létí Omi Mákùn

Tí ẹ bá kà á tán, ẹ lè pè mí ní wèrè. Wọ́n ti pè mí bẹ́ẹ̀ rí, kò sì pa mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún yín pé olùkọ́ ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òrù, n kì í sì í fojúure wo ọmọ tó bá purọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀sán gangan ni ojú mi rí i, oòrùn ń ràn, àwọn èèyàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀.

Orí fífọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo rò pé ariwo àwọn ọmọ ni. Mo ń ra òògùn lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, mo ń gbé e mì, àfi ìgbà tó di ọjọ́ kan tí mò ń kọ iṣẹ́ sójú pátákó tí mo ṣubú lulẹ̀, tí gìrì mú mi níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ní ilé ìwòsàn ńlá kan n'Íbàdàn ni wọ́n ti ya àwòrán orí mi. Wọ́n ní kókó kan ń dàgbà nínú ọpọlọ mi, àfi kí àwọn la orí mi yọ ọ́.

Bàbá Tómi, ọkọ mi, ló dúró tì mí. Ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo aṣọ rẹ̀ ló sì máa ń rùn bí igi tútù. Lọ́jọ́ tí wọ́n fá irun mi kí wọ́n tó là mí lórí, ó wò mí títí, ó ní, "Tíṣà, orí ẹ jọ ti Tómi nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i." Tíṣà ló máa ń pè mí. Mò ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún.

Ìgbà tí mo jí, òun ni mo kọ́kọ́ rí. Ọwọ́ ọ̀tún mi kò gbé mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ ń sọnù mọ́ mi lẹ́nu. Màá rí ṣíbí, màá mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, n kò ní rántí orúkọ rẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní a-b-d. Bàbá Tómi á gbé nǹkan náà sókè, á pe ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, á wá dúró, á máa wo ẹnu mi títí màá fi parí rẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ jó ìyókù kókó náà ló ní òun fẹ́ lọ kó aṣọ wá fún mi nílé. Kò padà wá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló wá rọ́pò rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ gẹdú ńlá kan ti gbé Bàbá Tómi wọ igbó lápá Oǹdó, kò sí nẹ́tíwọ̀kì níbẹ̀. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní iná rẹ̀ kò dáa fún orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Nígbà tí ilé ìwòsàn sì ní kí n máa lọ, wọn kò gbé mi lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Mákùn-Omi ni wọ́n gbé mi lọ, lọ́dọ̀ màámi, wọ́n ní atẹ́gùn omi á tù mí lára. Tómi ọmọ mi wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, kó má baà pa ilé ìwé jẹ.

Ẹ gbà mí gbọ́, inú bí mi sí ọkùnrin yẹn. Mo ní ó ti sá ni. Ta ló fẹ́ máa wo ìyàwó tí òògùn ti mú ojú rẹ̀ wú, tí àpá gígùn wà lórí rẹ̀, tí itọ́ ń dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀? Mo ń bú u tàárọ̀ talẹ́. Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, màámi á dìde, wọn á lọ sẹ́yìnkùlé. Mo rò pé ojú ń tì wọ́n nítorí mi ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màámi lọ ra ẹja. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi àgbọn létí omi, nítòsí ibi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀. Mo ṣàdédé gbóòórùn igi tútù.

Mo yíjú. Bàbá Tómi jókòó tì mí.

Sùtánà funfun ìjọ wa ló wọ̀. Aládùúrà ni wá, a kì í fi bàtà wọ sùtánà, torí náà ẹsẹ̀ lásán ló wà. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ẹrẹ̀ kún gbogbo ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo rí i o. Mo rí i, àmọ́ ẹni tí inú ń bí kì í ro nǹkan jinlẹ̀.

"O wá rántí wá," mo ní.

Ojú omi ló ń wò.

"Ṣé ìsìn wà lónìí ni, tó o fi wọ sùtánà?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀, bí ìgbà tí aláìsàn bá ń sùn nínú yàrá. "Òun ni wọ́n wọ̀ fún mi," ó ní.

N kò bi í pé àwọn wo ni "wọ́n". Ó ti nawọ́ sí nǹkan kan tí apẹja sá sórí igi. "Tíṣà, kí nìyẹn?" N kò rántí. "À...," ó ní jẹ́jẹ́, ó ń wo ẹnu mi. "Àwọ̀n," ni mo sọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, gbogbo ìbínú mi sì yọ́ dànù. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan dún lójú omi, mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo fi máa yíjú padà, kò sí ẹnì kankan lórí bẹ́ǹṣì mọ́.

Bẹ́ẹ̀ la bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán tí màámi bá ti jáde, á wá. Àjẹ̀. Akàn. Edé. Gbogbo ohun tó wà létí omi ló fi kọ́ mi lọ́rọ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí n dìde, ká rìn. Kò fọwọ́ kàn mí rí. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ ṣubú, òtútù kan á gbá mi lápá, bí omi àmù, màá sì dúró. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Màámi ń dúpẹ́, wọ́n ní àdúrà ti gbà.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kì í wọlé wá kí màámi.

"Wọn ò tíì sọ fún ẹ," ó rọra sọ.

Mo rò pé ìjà ló wà láàárín wọn.

Ó wá di ọjọ́ tí màámi tètè padà sílé. Mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn mi: "Lẹ́sì wo ń bá fọ̀?" Ìjẹ̀bú wọn nìyẹn, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀.

"Bàbá Tómi ni," mo ní. "Ẹ kí i, ìjà yín tó gẹ́ẹ́."

Wọ́n wo bẹ́ǹṣì, wọ́n wò mí. "Ọmọ mi, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

"Ẹ̀yin ẹ wo sùtánà ẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ fi òwú búlúù rán ọrùn ẹ̀, kò bá a mu rárá."

Ẹja bọ́ lọ́wọ́ màámi. Wọ́n jókòó sínú ẹrẹ̀ níbi tí wọ́n wà.

Màámi fúnra wọn ni wọ́n rán ọrùn sùtánà yẹn. Ìgbà tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún òkú ni ọrùn rẹ̀ ya, kò sí òwú funfun nílé, wọ́n bá fi èyí tó wà rán an. Ọkọ mi ti kú. Ọkọ̀ tó gbé e padà bọ̀ n'Íbàdàn ló dànù, báàgì aṣọ mi wà lórí itan rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ jó orí mi lọ́hùn-ún ni wọ́n ń sin ín sẹ́yìn ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

"A kì í túfọ̀ fún aláìsàn," màámi ń sọ. "A bẹ̀rù pé á pa ọ́."

N kò bá wọn jà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń ṣe ládùúgbò yìí, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ṣe é. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn ni irun mi. Wọ́n máa ń fá orí opó, èmi sì ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì n'Íbàdàn pẹ̀lú orí fífá, tí ọkọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí ojú àpá mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì.

Ibi tó le níbẹ̀ nìyí. Nígbà tí mo padà lọ rí dókítà, wọ́n tún ya àwòrán orí mi. Ó ní òun rí nǹkan funfun kékeré kan. Ó lè jẹ́ ojú àpá, ó sì lè jẹ́ pé kókó náà ló ń padà bọ̀, àwọn á máa wò ó. Ó wá bi mí: "Ṣé ẹ máa ń rí ohun tí ẹlòmíì kì í rí?"

Màámi wò mí.

"Rárá o," mo ní.

Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n lè fún mi lóògùn tí kò ní jẹ́ kí n rí i mọ́. Tí n kò bá sọ ọ́, tó bá jẹ́ kókó náà ni lóòótọ́, Tómi ò ní ní bàbá, kò ní ní ìyá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kókó wo ló mọ̀ pé òwú búlúù ni wọ́n fi rán aṣọ òkú?

Màámi lọ sọ fún wòólíì ìjọ wa. Ó ní ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ kò dágbére fún kò lè rọ́nà lọ, kí wọ́n mú mi lọ sídìí sàárè. A lọ. Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ kò ju ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré: kó má jẹ ọ̀kùn, kó má jẹ ekòló, ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kó bá wọn jẹ.

Bàbá Tómi dúró ní òdìkejì sàárè náà. Kò sẹ́lòmíì tó rí i. Ó ti rù. Ó tẹjú mọ́ ẹnu mi, ó ń dúró.

"Má...," ó rọra sọ.

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló wà lórí ahọ́n mi, ẹyọ kan ò sọnù.

"N kò rántí," mo ní.

Wòólíì ní kí wọ́n má fipá mú mi, pé orí tí wọ́n là ni. Bàbá Tómi nìkan ló mọ̀ pé mo purọ́. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ṣì ń wá. Ṣùgbọ́n kì í jókòó sórí bẹ́ǹṣì mọ́, inú omi ló ń dúró sí, kì í sì í bi mí ní orúkọ nǹkan kan. Òtútù apá mi kì í lọ mọ́ báyìí, tí mo bá tiẹ̀ yáná. Tómi ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa. Lánàá ó di aṣọ mi mú, ó ní, "Màámi, kí lẹ̀ ń wò lójú omi?"

Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn nílé, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, tí ẹni rẹ̀ bá kú, ẹ sọ fún un. Ẹ dì í mú, ẹ jẹ́ kó sunkún, ẹ jẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére nígbà tí ó ṣì lè sọ ọ́. Tí ẹ bá fi pamọ́, òkú náà á wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Tó bá ti jókòó tì í tán, tó ti kọ́ ọ ní ìrìn, ẹ máa rí i pé aláìsàn yín kò ní jẹ́ kó lọ.