Làtífù Fi Kẹ̀kẹ́ Lọ Wo Ọmọ

Ọdún 2004 ni Hàbíbàt wọ ilé-ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, tí họ́sítẹ́ẹ̀lì wọn wà láàárín oko. Bàbá rẹ̀, Làtífù, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ní Ìgbògbò, kì í wọ mọ́tò láti ìgbà tí ìjàǹbá ọkọ̀ ti pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí àárò ọmọ sọ ọ́, ó ní òun yóò gun kẹ̀kẹ́ lọ wò ó.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi múra. Ó ń bi àwọn àgbẹ̀ tó ń ti Agbowa bọ̀ nípa ibi tí ọ̀nà ti gun òkè, ibi tí èèyàn ti lè rí omi mu, àti ẹni tó lè gbà á sílé mọ́jú.

Ìyàwó rẹ̀, Mọ̀nsúrát, ń wò ó títí di ọjọ́ Jímọ̀.

"Bàbá Hàbíbàt, orúnkún yín ńkọ́?"

"Bí mo bá dé òkè, mo máa sọ̀ kalẹ̀ tì í."

Mọ̀nsúrát bọ́ sí ilé ìdáná. Ó di gaàrí àti kúlíkúlí fún un, ó sì fi aṣọ wé ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Àárọ̀ Sátidé ló gbéra. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló dé, eruku ti bò ó. Hàbíbàt, tó ń fọṣọ lẹ́bàá kànga, ju aṣọ sílẹ̀, ó sáré wá kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, ṣé láti ilé lẹ ti gun kẹ̀kẹ́ wá?"

"N ò lè wọ mọ́tò. N ò sì lè má rí ẹ."

Hàbíbàt dìde. Ó fa omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀.