Dámilárá Ń Kàwé Láìwo Ìwé

Ṣọ́ọ̀bù Ìyádùnní onídìrí kò fẹ̀ rárá. Bí oníbàárà mẹ́ta bá ti jókòó síbẹ̀, ẹni kẹrin á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á fi ẹsẹ̀ kan sínú ilé, á fi ìkejì sí títì. Síbẹ̀, àwọn obìnrin àdúgbò Tokpota a máa kọjá níwájú àwọn onídìrí mìíràn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í dunni lórí, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ìlaròó ni wọ́n bí i sí. Ọkọ rẹ̀, Múyìwá, tó ń wa takisí láti ọjà Ouando lọ sí Kùtọnu, ló mú un wá sí Àjàṣẹ́ lódìkejì ààlà lọ́dún tí wọ́n ṣègbéyàwó. Láti ìgbà náà, ó ti gbọ́ Ègùn débi tó lè fi ná ọjà, ó sì gbọ́ Faransé débi tó lè fi kí ènìyàn, kó dúpẹ́, kó sì sọ fún ẹni náà pé òun kò gbọ́ Faransé.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Olúwadámilárá lorúkọ rẹ̀. Ó wà ní CP, kíláàsì kejì nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọn kì í ti í sọ Yorùbá àfi lákòókò eré. Bó bá ti ilé ìwé dé, tó jẹun tán, á gbé àpótí kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, á ṣí ìwé kíkà rẹ̀ lé orúnkún, ó di kíkà. Ohùn rẹ̀ á máa lọ geerege. Kì í kọsẹ̀, kì í dúró mí láàárín ọ̀rọ̀. Bó bá dé ibi tí ẹja ti bọ́ mọ́ apẹja lọ́wọ́, á yí ohùn padà bí ẹni tí tirẹ̀ gan-an bọ́ sómi. Àwọn oníbàárà ìbá máa mirí sí i, bí kì í bá ṣe pé Ìyádùnní ti di orí wọn mú.

“Ìyá Dámilárá, ọmọ yìí á di mínísítà,” ni Màmá Grâce, obìnrin Sẹ̀lẹ́ kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé wọn, máa ń wí.

“Ẹ jẹ́ kó parí CP ná,” Ìyádùnní á dáhùn, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ á ti hàn síta.

Ìyádùnní fúnra rẹ̀ ka ìwé mẹ́fà ní Ìlaròó. Kò sí ibi tí wọ́n ṣí Bíbélì Yorùbá sí tí kò lè kà. Ti Faransé nìkan ló le sí i lẹ́nu. Nítorí náà, bí ọmọ rẹ̀ bá ń kà á bẹ́ẹ̀ yẹn, ó máa ń dà bíi pé ọmọ náà ń bá òun jẹ ẹran tí eyín òun kò ká.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Tàta Bernadette wá ṣe ṣùkú sílẹ̀ de ọjọ́ Àìkú. Tàta ni wọ́n ń pe àǹtí níbẹ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́ gan-an ni Tàta Bernadette, àwọn Mẹ́tọ́díìsì ni ìdílé wọn, akọ̀wé ló sì jẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan. Ó jókòó jẹ́ẹ́ títí Dámilárá fi ka ìtàn apẹja tán, ó wá na ọwọ́.

“Mú un wá kí n wo àwòrán rẹ̀.”

Ó ṣí ojú ìwé méjì mẹ́ta, ó sì dá ìwé náà padà fún ọmọ ní ṣíṣí. “Ka èyí náà fún mi.”

Dámilárá wo ojú ìwé náà. Adìẹ kan ló wà níbẹ̀, ìrù rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ọmọ náà gbé orí sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀: apẹja jí láàárọ̀, apẹja gbé ọkọ̀ rẹ̀ sómi, ẹja ńlá kan wá. Ó lọ geerege títí dé òpin.

“O ṣeun,” ni Tàta Bernadette wí. “Ọkọ̀ ojú omi wà nínú ìtàn yẹn, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Tàta.”

“Ibo ló wà nínú àwòrán yìí?”

Dámilárá yẹ adìẹ náà wò láti orí dé ìrù.

“Ó wà lẹ́yìn adìẹ.”

Ẹ̀rín bú nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìyádùnní náà ti ń rẹ́rìn-ín kí ohun tí wọ́n ń rín tó yé e. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú irun.

“Tàta, kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Kò kà á ni. Wọ́n kà á ní kíláàsì, etí rẹ̀ sì gbé gbogbo rẹ̀ wálé.” Tàta Bernadette kò sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ dójú ti ènìyàn. “Orí ọmọ yìí pé púpọ̀. Ojú rẹ̀ ni kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.”

Dámilárá pa ìwé dé, ó jókòó lé e. Ìyádùnní parí ṣùkú náà, ṣùgbọ́n ìlà kan wọ́ díẹ̀ lápá òsì, Tàta Bernadette sì ní ìwà tó fi ṣe bí ẹni tí kò rí i nínú dígí.

Nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ kejì, Ìyádùnní pe ọmọ rẹ̀ jókòó. Ó ní òun fúnra òun ni yóò kọ́ ọ. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn. Wọ́n rí *papa*, ó pè é bó ṣe wà. Wọ́n rí *moto*, ó pè é bó ṣe wà.

“Ṣé o rí i? Kò le. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni wàá ṣe pè é, bíi Yorùbá.”

Wọ́n wá kan àwòrán ọba kan tó dé adé. *Roi* ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀.

“Ró-ì,” ni Ìyádùnní wí.

“Mètírẹ́sì ò pè é bẹ́ẹ̀,” ni ọmọ wí. Olùkọ́ rẹ̀ ló ń pè bẹ́ẹ̀.

“Báwo ló ṣe pè é?”

“Mi ò rántí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe róì.”

“Lẹ́tà wo nìyí?”

“O.”

“Èyí ńkọ́?”

“I.”

“O àti I, kí ni wọ́n tún lè jẹ́?”

Wọ́n ṣí i síwájú, wọ́n bá adìẹ àná pàdé, *poule*. Ìyádùnní gbá a mú lẹ́tà lẹ́tà: “Pó-ù-lé.” Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rò pé òun ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, inú sì ti ń bí i láti àná. Ó fi ọwọ́ lu tábìlì, ohùn rẹ̀ ròkè, ó béèrè bóyá eré ni wọ́n ń ṣe nílé ìwé tí bàbá rẹ̀ ń fi òógùn ojú san owó rẹ̀. Ẹ̀rín ọmọ di ẹkún. Wọ́n kò rí ìwé náà mọ́ títí tí Ìyádùnní fi gbá ilẹ̀ kan án lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Láti ọjọ́ Ajé ni inú rírun ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé aṣọ ilé ìwé jáde ni inú á máa run Dámilárá. Inú rírun náà ní làákàyè, kì í wá lọ́jọ́ Sátidé.

Múyìwá ń jẹ gààrí nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń rojọ́ fún un.

“Kí lo kọ́ ọ gan-an?” ó béèrè.

Ìyádùnní ṣí ìwé, ó ka ọba àti adìẹ fún un. Múyìwá gbé ṣíbí sílẹ̀.

“Ìyá Dámi, o ń fi ẹnu Ìlaròó ka Faransé. O àti I, tí wọ́n bá fara kan ara wọn, ‘wà’ ni wọ́n ń jẹ́. Mò ń rí i lójú pátákó títì lójoojúmọ́. Rwà ni ọba yẹn.”

“Kí ló dé tí wọn ò kọ W àti A?”

“Bí mo bá rí wọn, màá bá ọ bi wọ́n.”

“Ìwọ tó mọ̀ ọ́n, kọ́ ọmọ rẹ.”

“Ìgbà tí mò ń wọlé, ọmọ ti sùn.” Ó gbé ṣíbí rẹ̀. “Lọ rí olùkọ́ rẹ̀. Wọn kì í bá èèyàn wí torí pé ó wá béèrè nípa ọmọ rẹ̀.”

Ìyádùnní kó gbogbo Faransé tó ní jọ, ó lọ. Màdáàmù Karimath lorúkọ olùkọ́ náà, obìnrin tí kò dàgbà púpọ̀, ẹfun ìkọ̀wé ti ta sí apá aṣọ rẹ̀. Faransé Ìyádùnní kò kọjá ìkíni tó fi tán. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín, ó fi Nàgó, irú Yorùbá tí wọ́n ń sọ nílé ìyá rẹ̀, dá a lóhùn, ọkàn Ìyádùnní sì balẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un títí dé orí inú rírun.

“Mo ti rí i pé ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú ìka rẹ̀,” ni olùkọ́ wí. “Wọ́n pọ̀ ní kíláàsì, mo kàn ń wá àyè tí màá fi jókòó tì í ni. Ẹ nà án?”

“Rárá o.” Ìyádùnní wo ilẹ̀. “Mo pariwo mọ́ ọn.”

“Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn náà sílẹ̀. Ẹ̀rù ló ń fa inú rírun yẹn.”

“Màdáàmù, mi ò gbọ́ Faransé. Ọ̀nà wo ni mo lè fi ràn án lọ́wọ́?”

“Kó kọ́ yín.”

“Èmi?”

“Ẹ̀yin náà. Ẹ jókòó tì í, kó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó kà á fún yín, kó sì fi Yorùbá sọ fún yín ohun tó kà. Ẹ máa bi í léèrè. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, kó lọ ṣeré. Ẹ ò sì gbọdọ̀ torí Faransé pa Yorùbá tì o. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ní èdè kan, á rí ibi fi ti ìkejì sí.”

“Bí òun ò bá mọ̀ ọ́n, tí èmi náà ò mọ̀ ọ́n ńkọ́?”

“Kó wá bi mí. Iṣẹ́ mi nìyẹn.”

Nígbà tí Ìyádùnní délé, ó sọ fún Dámilárá pé kó má bínú, ariwo ọjọ́sí kò dáa. Ó ní Mètírẹ́sì sọ pé kí ó máa kọ́ ìyá rẹ̀. Ọmọ náà kọ́kọ́ wò ó bóyá eré ni. Nígbà tó rí i pé òótọ́ ni, ó dìde, ó wá ìwé, ó fi àpótí rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó sì gbé àga oníbàárà fún ara rẹ̀.

“Ẹ ká ọwọ́ yín,” ó wí.

Ìyádùnní ká ọwọ́. Kò tíì rí olùkọ́ tó le tó èyí rí. Bó bá wo ìta díẹ̀, Dámilárá á ní, “Màmá, ẹ ò fọkàn sí i.” Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ adìẹ, ó fi ìka bo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. “Èyí kì í sọ̀rọ̀.”

“Kí ló wá ṣe níbẹ̀?”

“Ó kàn jókòó ni.”

Ìyádùnní rò ó pé ìyẹn kò ṣàjèjì. Ó mọ irú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù fi di kíláàsì. Dámilárá gé páálí, ó kọ orúkọ nǹkan sí i, ìyá rẹ̀ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n: ọ̀kan sára dígí, ọ̀kan sára ilẹ̀kùn, ọ̀kan sẹ́yìn àga. Oníbàárà kan rí ti àga, ó béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Obìnrin Ègùn kan àti ọmọ Ìjẹ̀bú kan ń jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń kọ òòyà ní Faransé, iyàn náà sì gbóná débi pé Dámilárá ní láti sọ fún àwọn méjèèjì pé òun á bi Mètírẹ́sì. Inú rírun kò tún yà wọ́n nílé mọ́.

Ohun tó wá ṣòro ni pé ìwé kíkà ọmọ náà bàjẹ́ létí. Kò lọ geerege mọ́. Á mú ọ̀rọ̀ kan, á jù ú sílẹ̀, á tún un mú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá Grâce jókòó fún kòlẹ́sẹ̀, ó tẹ́tí títí, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

“Ìyá Dámilárá, kí ló ṣe ọmọ yìí? Ṣebí ó máa ń ka ìwé bí omi tẹ́lẹ̀. Ó ti ń kólòlò o. Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ sí párísì wa kí wọ́n gbàdúrà fún un.”

“Àdúrà dáa, Màmá Grâce. Ẹ jẹ́ kó kà á ná.”

Dámilárá kò gbọ́ wọn. Ìka rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ kan tó gùn, ètè rẹ̀ ń mì. Ó gé e sí méjì, ó pe apá kan, ó pe ìkejì, ó so wọ́n pọ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Màmá, ọmọ adìẹ ni. Adìẹ yìí ń wá àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n sọnù.”

Láti ọjọ́ tó ti ní ìwé náà lọ́wọ́, kò mọ ohun tó ṣe adìẹ yẹn.

“Ó rí wọn?” Màmá Grâce béèrè.

“Ẹ dúró. Mi ò tíì débẹ̀.”

Wọ́n dúró. Ìyádùnní gbé òòyà dání. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kó ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wọlé. Dámilárá ń lọ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó wo ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú adìẹ, ó wo abẹ́ kẹ̀kẹ́, ó dé inú agbọ̀n. Ó pẹ́ díẹ̀ lórí agbọ̀n náà.

“Ibẹ̀ ni wọ́n wà,” ó wí. “Wọ́n ń sùn.”

“A dúpẹ́,” ni Màmá Grâce wí, bí ẹni pé tirẹ̀ ni àwọn ọmọ adìẹ náà. Kò tún mẹ́nu ba párísì mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ parí, Dámilárá wà láàárín, kò ṣe ipò kìíní, kò sì sí lẹ́yìn. Wọ́n gbé e lọ sí CE1, kíláàsì kẹta. Múyìwá ra bàtà fún un, Ìyádùnní sì mú un dání lọ sí ọjà Ouando láti ra mẹ́ẹ̀ṣì, irun àtọwọ́dá tó fi ń dìrí. Wọ́n bá ilẹ̀kùn ẹni tó ń tà á ní títì. Ìyádùnní kan ilẹ̀kùn, ó pàtẹ́wọ́, ó pe orúkọ obìnrin náà, ó tún kan ilẹ̀kùn.

“Màmá, wọ́n ti ṣíwọ́.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

Ọmọ náà nawọ́ sí pátákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi okùn kọ́ sára ilẹ̀kùn, *fermé*. Ìyádùnní fi ìka tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó rìn ín díẹ̀díẹ̀, ó sì fẹ́ kọjá lórí lẹ́tà ìkẹyìn.

“Rárá, èyí ní àmì lórí,” ni Dámilárá wí. “Ẹ pè é.”

“Àmì ohùn,” ni Ìyádùnní wí. “Ìyẹn yé mi dáadáa.”

Ó dá ìka padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó pè é já. Obìnrin kan tó ń ta ọsàn níwájú ibẹ̀ wò wọ́n, ó ní ọ̀la ni onímẹ́ẹ̀ṣì ń bọ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ra ọsàn, wọ́n sì wá ẹlòmíràn lọ.