Èso tí Isabelle Ká ní Ahoro

Bí ẹ bá dé Gbaffo, abúlé kan ní Benin, tí ẹ béèrè Isabelle, wọn á bi yín pé Isabelle wo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Ìyá Roméo eléso, ọmọdé pàápàá á nawọ́ sí ìsàlẹ̀ òkè. Ibẹ̀ ni obìnrin náà ń gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, láàárín igi máńgòrò, igi kajú àti kọ́rọ́sọ́ọ̀lù, èso elégùn-ún tí inú rẹ̀ funfun bí òwú. Ó ń gé èso wọn pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó ń sá wọn sórí àpáta. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Tí kò bá rí èèyàn bá sọ̀rọ̀, á bá èso sọ ọ́.

Ẹnu yẹn náà ló kó bá a.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Claudia ti yunifásítì wá, ó ń ra èso àti ewé lọ sí lábò wọn, yàrá tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe, ọmọ mi?" ni Isabelle bi í. "Ṣé kò sí èso ní Kutọnú ni?"

Claudia rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé bí irin ṣe ń dógùn-ún, bẹ́ẹ̀ náà ni ara ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú, pé ohun kan wà nínú èso tó lè dín in kù. Ó ní àwọn da omi kọ́rọ́sọ́ọ̀lù sórí jẹjẹrẹ nínú ìgò, jẹjẹrẹ náà sì kú.

"Nínú ìgò o, Ìyá Roméo. Ara èèyàn kì í ṣe ìgò. A ò tíì mọ̀ bóyá ó lè ṣe nǹkan kan fún aláìsàn."

Isabelle gbọ́ "jẹjẹrẹ náà kú." Ìyókù gba etí kejì jáde.

Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Kókó kan wà lọ́mú Perpétue, àbúrò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti fọwọ́ kàn án, ojú rẹ̀ yí padà, ó ní kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Perpétue kọ̀, ẹ̀rù ọ̀bẹ ń bà á. Ni Isabelle bá sáré lọ bá a.

"Fọkàn balẹ̀! Èso ẹ̀yìnkùlé wa ń pa jẹjẹrẹ. Àwọn oníwèé ló sọ bẹ́ẹ̀."

Inú Perpétue dùn. Ó ń mu omi èso láàárọ̀, ó ń mu ún lálẹ́. Kókó tó tó èkùrọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ di ẹyin adìẹ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. "Ó ń wú kó lè bẹ́ ni," ni Isabelle ń wí. Nígbà tí èso ìsàlẹ̀ tán, ó gun òkè lọ sí ahoro.

Ahoro yẹn ni àwọn ará àtijọ́ ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ògiri ti wó, ṣùgbọ́n ojú ọlọ tí àwọn obìnrin fi ń lọ ọkà bàbà ṣì wà lára àpáta, kòtò kòtò, ó ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n lò ó. Igi kọ́rọ́sọ́ọ̀lù kan wà láàárín wọn tó ń so nígbà tí ti ìsàlẹ̀ bá dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá wù ú lè ká a. Èèwọ̀ kan ṣoṣo ló wà: a kì í pe orúkọ alààyè níbẹ̀, kí àwọn òkú tó nilé má baà mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sì pè é lọ.

Isabelle mọ èyí láti kékeré. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ ń dùn ún. Ó gbé èso àkọ́kọ́ sókè, ó ṣe àmì àgbélébùú, ó ní, "Olúwa, ti Perpétue nìyí. Perpétue ọmọ ìyá mi, ẹ wò ó sàn."

Afẹ́fẹ́ dúró. Alángbá tó ń mi orí lórí ògiri gbé e sókè, kò sì mì ín mọ́.

Lọ́jọ́ mìíràn tó padà lọ ká èso níbẹ̀, ọ̀sán gangan ni. Kó tó dé òkè, ó gbọ́ òkúta tó ń ha òkúta, wùrù, wùrù. Àwọn obìnrin ń tàkúrọ̀sọ. Ó rò pé ará abúlé ni wọ́n, "ẹ kú iṣẹ́" ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó yọjú. Kò sí ẹnì kankan. Ìró náà kò sì dáwọ́ dúró.

"Ẹ sún díẹ̀," ni ohùn àgbà kan wí, "kí àlejò wa jókòó."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kéékèèké tó parí sí ikọ́. Ẹ̀rín Perpétue ni.

"Ẹ rọra o," ni ohùn Perpétue wí. "Ọlọ yìí ò tíì mọ́ mi lọ́wọ́."

Apẹ̀rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Isabelle. Kò mọ bó ṣe sọ̀ kalẹ̀.

Perpétue wà lórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò ní agbolé rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń lé yín? Àbí ọkọ yín ti jáde ní sàréè?"

Isabelle kò lè rẹ́rìn-ín. "Mo tàn ọ́. Nínú ìgò ni jẹjẹrẹ yẹn ti kú. Ọmọ yẹn sọ fún mi, mo gbé ìdajì rẹ̀ mì. Dìde, ká lọ sí ilé ìwòsàn."

"Háà! Oṣù mẹ́ta tí ẹ ti ń rọ omi sí mi lọ́fun, òní lẹ wá rántí?"

"Mo pe orúkọ rẹ ní ahoro."

Perpétue fọwọ́ tilẹ̀, ó jókòó.

"Mo sì gbọ́ ohùn rẹ níbẹ̀ nísinsìnyí. O wà nídìí ọlọ."

"Mo sùn ni," ni Perpétue wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Àmọ́ apá ń ro mí, láti èjìká."

Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìyẹ̀fun pupa wà níbẹ̀, ó ti wọ abẹ́ èékánná. Ìyẹ̀fun ọkà bàbà ni, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbé ọkà bàbà wọ agbolé yẹn. Isabelle fi etí aṣọ ìró rẹ̀ nù ún, nù ún. Kò kúrò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí bí mo ṣe kórìíra ọlọ nígbà tí mo wà lọ́mọge?"

"Ìwọ tí o máa ń díbọ́n inú rírun kí n lè bá ọ lọ̀ ọ́!"

"Ẹ bá mi kó aṣọ méjì. Ọ̀bẹ dókítà sàn ju ọlọ wọn lọ."

Ọkọ̀ tó ti ọjà Glazoué bọ̀, tó ń lọ sọ́nà ilé ìwòsàn ńlá, kún fún iṣu. Isabelle ṣì ń bẹ awakọ̀ pé kó wá àyè fún aláìsàn nígbà tí Perpétue ti há ara rẹ̀ sáàárín àpò méjì, tó sì di irin ìjókòó mú.

"Ẹ wọlé, ẹ̀gbọ́n," ó wí. "Kó máa wà á lọ."