Mabruka àti Àwòrán Kan Ṣoṣo ti Hájà Ghazala

Lọ́jọ́ làálì ìyàwó ní Misrata ní Líbíà, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngán ni gbogbo obìnrin ń fi fóònù sí. Onífọ́tò nìkan ló ń gbé kámẹ́rà wọlé. Bó bá sì ń lọ, á yọ káàdì inú rẹ̀ fún ìyá ìyàwó, kò gbọdọ̀ mú àwòrán kankan relé.

Ọdún kọkànlá rèé tí Mabruka ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé ẹ̀bùn ni o! Intisar àbúrò rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣe é, ló ní ẹ̀bùn. Ìyẹn a máa rí ohun tó dára kó tó ṣẹlẹ̀. Ní ti Mabruka, ìyá rẹ̀ tó wà lórí àìsàn ló kọ́kọ́ yà, nínú yàrá tí kò mọ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ojú ìyá di kùrukùru. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá kú, kò sì sí àwòrán rẹ̀ mìíràn nílé. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti mú iná lọ, Mabruka á tan àbẹ́là, á gbé ìkòkò tíì kalẹ̀, á máa yà á.

Ọkọ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ṣé ìkòkò yẹn ò tíì rẹ́rìn-ín ni?"

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, lẹ́yìn ìrun alásàrí, wọ́n gbé Hájà Ghazala, ẹni tó bí ìyá ìyàwó, dé láti ilé ìwòsàn. Kò gbà kí wọ́n ya òun rí láyé.

"Nítorí ọmọ yìí, mo gbà," ló wí. "Ẹyọ kan. Ẹ ò gbọdọ̀ tọrọ èkejì."

Ìyá ìyàwó ní Intisar ni kó yà á. "Má tan iná kámẹ́rà sí wọn lójú o, iṣẹ́ abẹ ojú ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fún wọn."

Intisar gbé kámẹ́rà sójú báyìí, iná lọ. Aṣọ dúdú ti bo gbogbo fèrèsé nítorí ojú ọkùnrin. Àbẹ́là mẹ́rin inú àwo làálì nìkan ló kù.

"Ẹ jẹ́ ká dúró de jẹnẹrétọ̀," ìyá ìyàwó bẹ̀bẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ mí," ni Hájà wí. "Ẹ gbé mi padà."

Intisar gbé kámẹ́rà kúrò lójú. "Àǹtí, mi ò lè ṣe é. Ó ti ṣú jù."

"Gbé e wá," ni Mabruka wí.

"Tẹ́ ẹ bá wá bà á jẹ́ ńkọ́?"

"Mo ní o gbé e wá!"

Irú òkùnkùn yìí náà ló gba ojú ìyá Mabruka lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò bi í léèrè kó tó yí ohun tó yẹ ní yíyí lára kámẹ́rà. Ó fẹ̀yìn ti òpó, ó fún ìgúnpá mọ́ ìhà, ó sé èémí.

"Ẹ dúró ná, Àǹtí," Intisar sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Wọ́n fẹ́ fọwọ́ kan ìyàwó." Hájà na ọwọ́, ó fi gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó mú. "Ó yá!"

Mabruka tẹ̀ ẹ́. Kámẹ́rà lajú, ó pẹ́ kó tó pajú dé. Ọwọ́ rẹ̀ kò mì rárá.

Wọ́n wò ó. Gbogbo ìhunjọ ojú Hájà ló hàn ketekete. Ìyàwó bú sẹ́kún.

Lẹ́nu ọ̀nà, Mabruka yọ káàdì, ṣùgbọ́n kò tètè jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ fún wọn," ni Intisar wí.

Ó fi lé ìyá ìyàwó lọ́wọ́, ó sì pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dé mọ́ ọn. "Ẹ tọ́jú ẹ̀ o. Ìyá yín ni."