Elégédé Orí Fíríìjì

Iṣẹ́ títọ́jú arúgbó ni Oyèbọ́lá ń ṣe ní Thamesmead, ní London. Ilé ìdáná rẹ̀ kéré débi pé bí ẹnì kan bá ṣí fíríìjì, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ bọ́ síta. Nígbà ìwọ́wé, ó rí bí ewé igi ṣe pọ́n ní òpópónà Harrow Manorway, ó wù ú kí ilé ìdáná òun náà rẹwà bẹ́ẹ̀. Kó má bàa gba àyè ìkòkò, ó so àgbàdo gbígbẹ àti ewé pupa kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà, ó sì gbé elégédé kan sórí fíríìjì.

Ni Mummy Tóbilọ́ba, àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wọn, bá yà kí i, ló bá figbe bọnu: "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Oyèbọ́lá, o gbé ẹbọ sílé!"

Kò tiẹ̀ bèèrè nǹkan kan. Ta ló rán an níṣẹ́? Ó já àgbàdo àti ewé náà lulẹ̀, ó fẹsẹ̀ rún un, ó da òróró àdúrà lé e lórí. Inú bí Oyèbọ́lá débi pé omi bọ́ lójú ẹ̀.

Bí Mummy ṣe fẹ́ máa lọ, ó nawọ́ sí orí fíríìjì. "Gbé elégédé yẹn fún mi, màá fi sebẹ̀."

"Mummy, ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹbọ?"